Aṣòfin Tí Ọpẹ́ Kì Í Wọ́n Lẹ́nu Rẹ̀

Ẹ̀yin náà ti rí irú wọn rí: èèyàn tí wọ́n máa tẹ̀ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀, tí òun fúnra rẹ̀ á tún ní "ẹ ṣé o". Irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ ni aṣòfin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Àga tó kẹ́yìn pátápátá ló ń jókòó sí nílé ìgbìmọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí omi òjò ti ya oríṣiríṣi àwòrán sí, lórí tìmùtìmù tí irin kan ti yọrí jáde láàárín rẹ̀. Láti ìgbà tó ti kọ́kọ́ wọlé ìbò ni irin yẹn ti ń gún un. Wọ́n bi í pé kí ló dé tí kò fẹjọ́ sùn. Ó ní òun fẹjọ́ sùn, wọ́n ní àwọn máa wò ó, òun sì dúpẹ́.

Ọlọ́pẹ́ ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Kì í ṣe òmùgọ̀ o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ọkùnrin náà ka gbogbo ìwé tí wọ́n bá pín nílé ìgbìmọ̀, títí kan èyí tí àwọn tó kọ ọ́ kò kà. Ó mọ àtẹ owó ibodè láti òkè dé ìsàlẹ̀: ohun tó ń sanwó wọlé, ohun tó ń sanwó jáde, ohun tí kì í sanwó rárá. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni ìṣòro rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló sì fi ọpẹ́ sí i lẹ́nu. Ọmọ kékeré ni Ọlọ́pẹ́ nígbà tí bàbá àti ìyá wọn kú tẹ̀ lé ara wọn, ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ ọ. Kò lọ́kọ, kò bímọ, torí nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń múra ìgbéyàwó, òun ń wá bàtà iléèwé tó máa ba àbúrò rẹ̀ lẹ́sẹ̀ mu. Ohun tí kò sì lè gbà ni ọmọ tí kò mọ oore. Bí aládùúgbò bá fún Ọlọ́pẹ́ ní omi mu, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á dúró sẹ́nu ọ̀nà títí ọmọ náà á fi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bu omi, ẹni tó ni ife, àti ẹni tó ṣílẹ̀kùn. Bó bá gbàgbé ọ̀kan, orí rẹ̀ á gbọ́ kò. "Ẹni tá a ṣe lóore tí kò dúpẹ́," obìnrin náà á wí, "bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni." Ọmọ náà gbọ́. Ó gbọ́ kọjá ibi tí wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ dé.

Wàyí o, ìlànà kan wà nílé ìgbìmọ̀ yẹn. Bí aṣòfin bá bi mínísítà ní ìbéèrè, mínísítà á dáhùn. Bí ìdáhùn náà kò bá tẹ́ aṣòfin lọ́rùn, á tún béèrè, wọ́n á máa fà á bẹ́ẹ̀ títí agogo á fi lù. Ṣùgbọ́n ìgbà yòówù tí aṣòfin bá ti lè ní "mo dúpẹ́", ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ohun tí mínísítà sọ kẹ́yìn ni akọ̀wé ilé máa kọ sílẹ̀, òun náà ni ìjọba máa ṣe, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ hú ọ̀rọ̀ yẹn jáde mọ́ títí ìbò míì. Bí agogo bá sì lù kí aṣòfin tó dúpẹ́, ìbéèrè kú, wọn ò kọ nǹkan kan, gbogbo ohun tí mínísítà ti sọ di afẹ́fẹ́. Ọpẹ́ níbẹ̀ dà bí ìṣó: ibi tó o bá kàn án mọ́ ló máa wà.

Ẹ wá fojú inú wo ẹni tí wọ́n kọ́ láti kékeré pé kó máa kànṣó káàkiri.

Nígbà kan, ó bi mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé pé kí ló dé tí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀ lágbègbè òun kò fi ní àga. Mínísítà dìde, ó ní, "A ti gbọ́." Ọlọ́pẹ́ tẹríba, ó ní, "Mo dúpẹ́, ẹ ṣeun, ẹ kú iṣẹ́ ìlú." Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́lẹ́: *A ti gbọ́.* Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ìdúró ni àwọn ìyálọ́mọ ń dúró níbẹ̀. Nígbà mìíràn, ó bi mínísítà ètò òwò léèrè nípa àwọn òǹtajà tó ń lo ìwọ̀n ayédèrú. Mínísítà ní, "Ìbéèrè tó dáa gan-an nìyẹn." Orí Ọlọ́pẹ́ wú, ó sì dúpẹ́. Ìdáhùn ìjọba lórí ìwọ̀n ayédèrú, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé ilé ìgbìmọ̀ dòní olónìí, ni pé ìbéèrè tó dáa gan-an ni.

Ó débi pé àwọn mínísítà ń du ìbéèrè rẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ti rí orúkọ rẹ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún kọ́là wọn ṣe. Ó bà mí nínú jẹ́ láti sọ ọ́, àmọ́ òótọ́ ni.

Ẹni tó bá ń jókòó lẹ́yìn, ìpàkọ́ ló ń rí. Iwájú ni àwọn mínísítà ń jókòó sí, wọ́n kọjú sí Abẹnugan, wọ́n kẹ̀yìn sí gbogbo ayé. Ọlọ́pẹ́ mọ ìpàkọ́ wọn bí ẹni mọ ọ̀nà ilé. Ìpàkọ́ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé ṣẹ́ po méjì, kò sí ohun tó ń mì í. Ti mínísítà ètò òwò, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń fárí kodoro, máa ń gbẹ táútáú tó bá ń sọ ohun tí kò ní ṣe. Ó máa ń làágùn tó bá ṣèlérí tòótọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Ọlọ́pẹ́ rí òógùn níbẹ̀, lọ́jọ́ tí ọkùnrin náà ṣèlérí fún ìyàwó Abẹnugan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá ti le nìyí. Ilé iṣẹ́ àgádágodo kan wà nílùú Ọlọ́pẹ́, ibẹ̀ ni ìdajì ìlú ti ń jẹun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ọ̀gá yàrá ìdánwò níbẹ̀. Kò sí àgádágodo tó ń wọnú páálí tí wọn ò kọ́kọ́ tì, kí wọ́n sì ṣí i lójú rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn ló fi tọ́ Ọlọ́pẹ́, iṣẹ́ yẹn náà ló fi ń mọ̀ pé òun wà láyé. Tí wọ́n bá fún un nísinmi, ó máa ń ṣàìsàn.

Ìjọba wá gbé owó ibodè lé irin tí wọ́n fi ń ṣe àgádágodo, owó náà sì ga ju ti àgádágodo tó ti òkè òkun dé lọ. Ká má fọ̀rọ̀ gùn: irin tí kò tíì di nǹkan kan ń sanwó ju àgádágodo tó ti jókòó pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sínú páálí lọ. Mánẹ́jà kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ. Ó ní bí owó yẹn kò bá kúrò níbẹ̀ kí ilé ìgbìmọ̀ tó lọ ìsinmi, àwọn máa ti ilé iṣẹ́ pa. Ó ní ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ, tó fọwọ́ sí ìwé ìfìṣẹ́sílẹ̀ kí ọ́fíìsì tó palẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ tí ilé ìgbìmọ̀ bá jókòó kẹ́yìn, á gba owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ pé. Ẹni tó bá dúró tí wọ́n fi tìlẹ̀kùn mọ́ ọn, á gba "ẹ kú iṣẹ́".

Àwọn kan sáré lọ fọwọ́ síwèé. Ẹ̀gbọ́n Ọlọ́pẹ́ ní òun kò lọ síbì kankan. "Àbúrò mi wà nílé ìgbìmọ̀," ló sọ fún mánẹ́jà. Mánẹ́jà wo ilẹ̀. Àwọn obìnrin yàrá ìdánwò náà wo ilẹ̀. Gbogbo wọn ló mọ ẹnu àbúrò yẹn.

Òun náà mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tó fi fẹnu ara rẹ̀ tọrọ ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan, ohun tí kò ṣe rí, tó sì wọkọ̀ lọ sílé Ọlọ́pẹ́ ní olú ìlú.

"Háà, Àǹtí! Ẹ káàbọ̀," Ọlọ́pẹ́ wí, ó gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ ṣé, ẹ ṣé tẹ́ ẹ wá."

"Ohun tó gbé mi wá nìyẹn," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. Kò tíì jókòó. "Ọpẹ́ yẹn. O máa dáwọ́ ẹ̀ dúró."

"Àǹtí, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

"Mo mọ̀. Mo wá gbà á padà."

Ọlọ́pẹ́ fún un lómi, ó jókòó ti í, ó fẹ́ là á yé e bí ilé ìgbìmọ̀ ṣe ń ṣe é. "Ṣé ẹ rí i, Àǹtí, ìlànà yẹn lápá méjì o. Tí mínísítà bá lọ sọ ohun tó dáa, ó di dandan kí n…"

"Ṣé mínísítà ti sọ ohun tó dáa fún ẹ rí?"

Ọlọ́pẹ́ rò ó, ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. "Rárá."

"Kí wá ni ti apá kejì? Àpọ̀jù ìwé ló ń dà ẹ́ láàmú. Fetí sí mi. Màá wá jókòó síbi tí àwọn ará ìlú ń jókòó sí. Tí mo bá ti gbọ́ ọpẹ́ lẹ́nu ẹ báyìí, mo mọ̀ pé ó ti tán fún wa nìyẹn. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Àǹtí. Ẹ ṣé."

Obìnrin náà mí kanlẹ̀.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìyàwó Ọlọ́pẹ́ á gbóúnjẹ síwájú rẹ̀, ẹnu ọkùnrin náà á là, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á fi ṣíbí lu tábìlì gbà! Ọlọ́pẹ́ á fi ọwọ́ méjì fún ètè ara rẹ̀ pọ̀, omi á lé sí i lójú. Ó ń jẹun bí ẹlẹ́wọ̀n. Télọ̀ mú ṣòkòtò rẹ̀ wá, Ọlọ́pẹ́ já a gbà, ó ti ilẹ̀kùn. Télọ̀ kó àwọn àgbààgbà àdúgbò wá nírọ̀lẹ́, wọ́n ní kí aṣòfin má bínú, ohun yòówù tí ọmọkùnrin náà ṣe, àwọn bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde sí wọn, ó ní ṣòkòtò náà dára, aṣòfin ń gba ìtọ́jú ni.

Nígbà tó yá, ó ń mọ́ ọn lára. Ó lè gba ìwé ìròyìn, kó gba ife omi, kó gba ìdágbére, kó má fọhùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ́ ọ ní àmì kan: bó bá ti rí i tó fọwọ́ bo ẹnu, kó pa tirẹ̀ dé. Inú àwọn méjèèjì ń dùn. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni inú rẹ̀ kò dùn. Ó ní, "Dádì, láti ọjọ́ tá a ti fẹ́ra, mi ò mọ̀ pé mò ń gbọ́ ọpẹ́ yín. Ìgbà tí mi ò gbọ́ ọ mọ́ ni mo tó mọ̀." Ọlọ́pẹ́ wò ó, ojú rẹ̀ pọ́n. Kò gbọ́dọ̀ dá a lóhùn.

Ọjọ́ ìbéèrè pé, ọjọ́ yẹn náà sì ni ilé ìgbìmọ̀ máa jókòó kẹ́yìn kí wọ́n tó lọ ìsinmi. Ní ẹnu ọ̀nà, ẹ̀ṣọ́ gba fóònù ẹ̀gbọ́n Ọlọ́pẹ́, ó yẹ àpò rẹ̀ wò, ó júwe àtẹ̀gùn fún un. Ìlà iwájú ló jókòó sí lókè. Láti ibẹ̀, ó ń rí àbúrò rẹ̀ kedere, àti àwọn mínísítà tí wọ́n tò síwájú, àti akọ̀wé ilé tó ti di kálàmù mú. Ẹnì kan láàárín àwọn aṣòfin ń ka ìwé ìròyìn. Nígbà tí Abẹnugan pe Ọlọ́pẹ́, mínísítà ètò òwò tún kọ́là rẹ̀ ṣe.

Ọlọ́pẹ́ dìde. "Ìgbà wo ni ìjọba máa mú owó ibodè kúrò lórí irin tí wọ́n fi ń ṣe àgádágodo?"

Mínísítà dìde pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó ní òun kí aṣòfin tó níyì yìí, ẹni tí ìfẹ́ ìlú ń jẹ lọ́kàn. Ó ní àwọn tó dìbò fún un kú oríire. Ó ní tí ilé ìgbìmọ̀ bá ní irú rẹ̀ mẹ́wàá, ọ̀nà ìlú á là. Ó dúró de ọpẹ́. Akọ̀wé gbé kálàmù sórí ìwé. Abẹnugan ti ń wo ìbéèrè tó kàn.

Ọlọ́pẹ́ kò jókòó. "Mo tún béèrè," ó wí. "Ìgbà wo?"

Ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn sọ ọ́ kalẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti ń jókòó níwájú Ọlọ́pẹ́ láti ọjọ́ yìí, tí wọn kò wẹ̀yìn rí, wẹ̀yìn.

Mínísítà yẹ ìwé rẹ̀ wò. Ó ní tí ènìyàn bá rò ó dáadáa, àgádágodo jẹ mọ́ ààbò ilé, ọ̀rọ̀ abẹ́lé sì ni. Mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé dìde wúwowúwo, ó ní ilẹ̀kùn ni tàwọn, ohun tí wọ́n bá kọ́ mọ́ ilẹ̀kùn, òwò ni. Mínísítà ètò òwò ní ṣé ilẹ̀kùn tí kò sí ohun tó tì í, ilẹ̀kùn náà ni? Ìkejì rẹ̀ ní kí wọ́n lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó kan ilẹ̀kùn. Wọ́n fà á títí, àwọn méjèèjì wá jókòó, wọ́n yíjú wo Ọlọ́pẹ́ tìfẹ́tìfẹ́.

"Mo tún béèrè," Ọlọ́pẹ́ wí. Ohùn rẹ̀ ti ń há.

"Ohùn aṣòfin wa ti gbẹ," mínísítà ètò òwò wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un lómi."

Ìyẹn kì í ṣe oore o, ìkà ni. Ìránṣẹ́ ilé gbé ife omi tútù wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i, ó tún kúnlẹ̀ díẹ̀. Lókè, ẹ̀gbọ́n Ọlọ́pẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Ọlọ́pẹ́ mu omi náà tán. Ó gbé ife kalẹ̀. Òógùn bo ojú ọkùnrin náà.

"Ìgbà wo?" ló sọ.

"Háà!" àgbà aṣòfin kan kígbe. "Ó mu omi, kò dúpẹ́!"

Inú bí mínísítà gidigidi. Ó ń fìbínú ṣí gbogbo ìwé ọwọ́ rẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí Ọlọ́pẹ́ kò mọ̀ nígbà yẹn fún yín. Àwọn akọ̀wé iléeṣẹ́ ètò òwò kì í ṣe ọ̀lẹ. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá bi ọ̀gá wọn ní ìbéèrè, wọ́n máa ń kọ ìdáhùn gidi, wọ́n á fi sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Ó ti ń wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Kò sí ẹni tó béèrè dé ibẹ̀ rí ni.

Mínísítà fa ìwé ìsàlẹ̀ yọ, ó kà á bí ẹni ń bú èèyàn: "Ìjọba ti fara mọ́ ọn pé kí abala kẹrin nínú àtẹ, èyí tó jẹ mọ́ àwọn ohun èlò onírin tí a kò tíì sọ di ọjà, bọ́ sí ìpele abala kìíní láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà tó kàn."

Bí ẹ̀yin náà bá wà níbẹ̀, ẹ ò bá rò pé òkú ọ̀rọ̀ ni, bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ọlọ́pẹ́ gbọ́ ọ yé. Abala kìíní ni àwọn ohun tí kì í sanwó rárá. Ó pọ̀ ju ohun tó béèrè lọ. Ó wo ìpàkọ́ mínísítà, ó rí òógùn tó ń ṣàn wọ kọ́là. Ó sì tún rí ìka mínísítà tó ti ń yí ìwé náà sẹ́yìn, níbi tí "ṣùgbọ́n" máa ń wà. Ẹni tó ń lu agogo ti dìde.

Ó gbójú sókè. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde dúró tán, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́nu, ó ń mi orí: rárá, rárá. Láti ọjọ́ tí obìnrin yìí ti ń fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́, Ọlọ́pẹ́ kò tíì kọ ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu rí. Ó fẹ́ sọ ọ́, ètè rẹ̀ kò ṣí. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya ètè náà sọ́tọ̀.

"Mo dúpẹ́," ó wí.

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Agogo lù.

Lókè, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ó mú àpò rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gba fóònù rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́, kò tàn án, ó sì bá ọ̀nà ibùdókọ̀ lọ.

Ọlọ́pẹ́ fẹ́ sáré tẹ̀ lé e, àmọ́ àwọn aṣòfin ti rọ̀ mọ́ ọn. Wọ́n ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, fóònù kò lọ. Ó ní, ó dáa, yóò ti lọ sílé, òun fúnra òun á mú ìwé tí wọ́n lù lóńtẹ̀ lọ bá a, torí obìnrin yẹn kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ká ní ó pe mánẹ́jà lásìkò yẹn ni, ohun tí mò ń sọ ì bá yàtọ̀. Kò pè é. Ayọ̀ ti gbà á lọ́kàn.

Ọpẹ́ tí wọ́n sì ti dí pa sí i nínú fún odidi ọ̀sẹ̀, ọ̀sán ọjọ́ yẹn ló tú jáde. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ akọ̀wé ilé. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó tẹ ìwé. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni òǹtẹ̀, ó sì tún bá a wá òǹtẹ̀ ọ̀hún, torí kò mọ ibi tó fi í sí. Ó wá ìránṣẹ́ tó gbé omi fún un lọ sí ilé ìdáná, ó dúpẹ́ omi yẹn títí ìránṣẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọ̀nà àbájáde. Ó pàdé mínísítà ètò òwò lọ́nà, ìyẹn náà gba tirẹ̀, ó ní òun ti rò pé àìsàn ń ṣe é. Nígbà tó fi máa jókòó sínú ọkọ̀, oòrùn ti ń wọ̀.

Ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó ń fọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ aláwọ̀ búlúù.

"Àǹtí! Ó ti bọ́ sí i! Ẹ wò ó, ẹ kà á!"

Obìnrin náà nu ọwọ́, ó gba ìwé, ó kà á jẹ́jẹ́. "Kí ni abala kìíní?"

"Ohun tí kì í sanwó rárá ni. Irin yín ò ní sanwó mọ́."

"Wọn ò ní ti ilé iṣẹ́?"

"Wọn ò ní tì í, Àǹtí."

"Àmọ́ o dúpẹ́. Mo fetí ara mi gbọ́ ọ."

"Tí mi ò bá dúpẹ́, wọn ò ní kọ ọ́ sílẹ̀. Apá kejì tí mo fẹ́ sọ fún yín lọ́jọ́ yẹn nìyẹn."

"Apá kejì," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. Ó wá àpótí ìjókòó, ó jókòó. "Mo ti fọwọ́ síwèé."

"Ìwé wo?"

"Ìwé ìfìṣẹ́sílẹ̀. Wọ́n ti fẹ́ palẹ̀ mọ́ nígbà tí mo débẹ̀. Mánẹ́jà ní ṣé ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú, pé ẹnu àbúrò mi ni mo ti gbọ́ ọ."

Ọlọ́pẹ́ kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó sáré dé ilé mánẹ́jà, ó bá a níbi tó ti ń bá ìyàwó rẹ̀ wo tẹlifíṣọ̀n. Mánẹ́jà ti gbọ́ ìròyìn, ó dì mọ́ ọn. Ó ní ṣùgbọ́n ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yẹn, ẹni tó bá ti fọwọ́ síwèé ti fọwọ́ síwèé. Ó ní tí òun bá gba ẹnì kan padà, gbogbo àwọn tó kù á sọ pé àwọn náà ń padà bọ̀, wọ́n sì ti fi obìnrin mìíràn, ọ̀kan nínú àwọn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ́ níṣẹ́, sípò rẹ̀. Ọlọ́pẹ́ bẹ̀ ẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀, òun aṣòfin, lórí kápẹ́ẹ̀tì. Mánẹ́jà fà á dìde, ó mú un lọ́wọ́ méjèèjì.

"Gbogbo ilé iṣẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, ọ̀gá mi," ó wí, ó sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sùn, bí a bá lè pè é ní oorun. Ní ìdájí, fèrè ilé iṣẹ́ fọn. Ó fọn gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ariwo ayọ̀ sọ ní òpópónà, àwọn òṣìṣẹ́ ń rọ́ lọ, wọ́n ń pariwo "Ọlọ́pẹ́! Ọlọ́pẹ́!" bí wọ́n ṣe ń kọjá. Ọlọ́pẹ́ jáde sí pálọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wẹ̀, ó ti múra, àpò iṣẹ́ rẹ̀ wà ní èjìká, ó ti ṣílẹ̀kùn, ẹsẹ̀ kan sì ti wà níta. Ibẹ̀ ló dúró sí. Ibẹ̀ ló ti rántí.

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin yàrá ìdánwò rí i lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyá wa!" ó ké láti ojú títì. "Ẹ bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ àbúrò yín o!"

"Màá jíṣẹ́," ẹ̀gbọ́n Ọlọ́pẹ́ wí.

Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé. Ó rí àbúrò rẹ̀ tó dúró láàárín pálọ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Wọ́n ní kí n bá àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ," ó wí. Ó gbé àpò kọ́, ó jókòó, ó sì ń bọ́ bàtà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.